Ta Ni Ó Ni Kànga? Ìdáwójọ fún Iṣẹ́ Àdúgbò ní Ìlú Sókótó

1. Ìfáàrà

Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Àwọn tí ń pa òwe yìí kì í sábà ronú kan ìlú Sókótó fúnra rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni orúkọ náà dúró fún létí wọn, ìró rẹ̀ sì bá ti ṣòkòtò mu. Ṣùgbọ́n ìlú tí ènìyàn ń gbé ni Sókótó, àwọn Yorùbá sì wà lára àwọn tí ó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Bí kànga bá gbẹ ní àdúgbò, bí gọ́tà bá dí, tàbí bí tiransifọ́mà bá jó, àpò ṣòkòtò náà ni àwọn ará àdúgbò ń ti ọwọ́ bọ̀ kí ìjọba tó dé.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni àwọn ọ̀nà tí ó wà nílẹ̀ fún àwọn olùgbé àdúgbò ní ìlú Sókótó láti wá owó iṣẹ́ wọn, àti bí wọ́n ṣe lè yan èyí tí ó tọ́ nínú wọn. Kókó tí ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé orúkọ tí a bá pe owó ní ọjọ́ tí a ń gbà á ni yóò sọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà bí ó bá parí, òun náà ni yóò sì sọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ yóò ká ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Kànga kan náà lè di ti gbogbo ènìyàn, ó sì lè di ti ẹnìkan ṣoṣo, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí a sọ tàbí tí a kò sọ ní ìpàdé àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwọn onímọ̀ èdè.

2. Àdúgbò àti Àwọn Aláṣẹ Rẹ̀

Ní ọdún 1809 ni Muhammadu Bello, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tẹ Sókótó dó gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun, lẹ́yìn tí ogun ẹ̀sìn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1804. Odò Rima àti odò Sókótó pàdé ní ìtòsí ìlú náà, síbẹ̀ òjò kì í pẹ́ níbẹ̀: láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ó ń rọ̀ jù. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé omi wọ inú orúkọ àdúgbò. Rijiya ni Haúsá ń pe kànga, àwọn wọ́ọ̀dù tí ń jẹ́ Rijiya sì wà ní gúúsù ìlú náà. Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Rijiyar Dorowa, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kànga ìdí igi irúgbá. Orúkọ oyè ni ti àwọn wọ́ọ̀dù mìíràn: Waziri, Magajin Gari, Sarkin Zamfara. Omi àti oyè, ohun méjì tí ó ń kó ènìyàn jọ sí ojú kan, ni ó fi orúkọ sílẹ̀ fún ìlú.

Unguwa ni Haúsá ń pe àdúgbò, mai unguwa sì ni olórí rẹ̀. Iṣẹ́ tí mọ́fíìmù oní- ń ṣe nínú èdè Yorùbá ni mai ń ṣe nínú èdè Haúsá. Bí ẹnìkan bá wá túmọ̀ mai unguwa ní ẹyọ ọ̀rọ̀ sí ẹyọ ọ̀rọ̀, aládùúgbò ni yóò rí. Ṣùgbọ́n létí Yorùbá, gbogbo ẹni tí ó bá ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú ẹni ni aládùúgbò. Létí Haúsá, ẹnìkan ṣoṣo ni mai unguwa, bí a ti ń pe ẹnìkan ní baálẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nídìí iṣẹ́ yìí ti fara hàn nínú ọ̀rọ̀ méjì yìí: ṣé ẹnìkan ni ó ni àdúgbò ni, tàbí gbogbo àwọn tí ń gbé inú rẹ̀?

Hakimi ni ó wà lókè mai unguwa, Sultan sì ni olórí gbogbo wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni ìjọba ìbílẹ̀ wà, èyí tí àtúnṣe ọdún 1976 sọ di ìpele kẹta ìjọba ní Nàìjíríà. Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Sókótó àti ti Gúúsù Sókótó ni ó pín àárín ìlú náà láàárín ara wọn. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin ọdún 1999 ka ṣíṣe àti títún ojú pópó, iná òpópónà àti gọ́tà ṣe mọ́ ohun tí ó jẹ́ ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó tí ó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò ìjọba àpapọ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Bí ará àdúgbò bá ń dáwó gọ́tà, iṣẹ́ tí òfin gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni ó ń ṣe. Kò yẹ kí ó gbàgbé èyí, kò sì ní jókòó kí omi gbé ilé rẹ̀ lọ nítorí pé ó rántí rẹ̀.

3. Iṣẹ́ Ọwọ́: Gayya àti Ọ̀wẹ̀

Kì í ṣe owó ni ó kọ́kọ́ kọ́ ìlú, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Gayya ni Haúsá ń pe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pé jọ ṣe láìgba owó ọ̀yà, yálà lóko ẹnìkan tàbí fún àǹfààní gbogbo ìlú. Ọ̀wẹ̀ ni ó sún mọ́ ọn jù nínú èdè Yorùbá. Nínú méjèèjì, ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò pèsè oúnjẹ àti ohun mímu. Àárò yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀: ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tí agbára wọn bára mu ni ó ń ṣe é, wọ́n á ṣiṣẹ́ lóko èkíní lónìí, wọ́n á ṣe é lóko èkejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Gbèsè ni àárò, dandan ni kí ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ lọ bá àwọn yòókù ṣe tiwọn. Iyì àti ìfẹ́ ni ọ̀wẹ̀, kò sí ẹni tí ń ka iye ọjọ́.

Àǹfààní gayya ni pé tálákà lè kópa nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olówó. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ní apá, ọkọ́ rẹ̀ sì lè gbẹ́ ilẹ̀ gọ́tà. Ṣùgbọ́n ìlú ti yí padà. Apá nìkan kò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ mọ́. Ẹ̀rọ, páìpù àti onímọ̀ iṣẹ́ ni a nílò, owó sì ni gbogbo wọn ń gbà. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ oṣù kò fẹ́ wá sí gayya, ó yá a lára láti fi owó ránṣẹ́. Láti ìgbà tí owó ti rọ́pò ọkọ́ ni ohùn tálákà ti ń rẹlẹ̀ ní ìpàdé.

4. Dídá àti Kíkó: Adashi, Èsúsú àti Karo-karo

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà nídìí èsúsú: dá àti kó. Bí ènìyàn 10 bá ń dá ₦5,000 lóṣooṣù, ẹnìkan yóò kó ₦50,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan, nígbà tí oṣù 10 bá sì pé, olúkúlùkù yóò ti kó ohun tí ó dá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni adashi ti Haúsá rí, kódà ó ní ọ̀rọ̀ méjì tirẹ̀: zubi ni dídá, kwasa ni kíkó. Samuel Johnson ti mẹ́nu ba èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, William Bascom sì kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní ọdún 1952. Àjọ tí alájọ ń gbà kiri lójoojúmọ́ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé owó ẹni ni ènìyàn ń gbà padà lópin oṣù, alájọ yóò sì mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀.

Karo-karo ni Haúsá ń pe ìdáwójọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá mú owó wá fún ohun kan. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti adashi hàn gbangba nínú gírámà Yorùbá. A ń dá èsúsú, a sì ń kó o. A ń dá owó jọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń kó o; jọ ni ó rọ́pò kó. Ẹni tí ó dá èsúsú mọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò padà. Ẹni tí ó dáwó kànga kò ní rí owó náà mọ́, omi ni yóò rí. Ìdí nìyí tí ìdáwójọ fi ń nílò àlàyé àti ìṣirò ní gbangba ju èsúsú lọ. Olè inú èsúsú kì í pẹ́ hàn, torí pé ẹni tí ó kàn láti kó yóò pariwo. Nínú ìdáwójọ, kò sí ẹni tí ó kàn, ariwo sì lè pẹ́ kí ó tó sọ.

Àwọn obìnrin ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ Haúsá tí ó wà nínú kulle, ìyẹn ilé ẹlẹ́hàá, ni ó ń dá adashi láìjáde; àwọn ọmọdé ni wọ́n ń fi owó rán. Uwar adashi, tí í ṣe ìyá adashi, ni orúkọ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣà kí obìnrin kó nǹkan jọ fún àwùjọ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Sókótó. Nana Asma'u, ọmọbìnrin Shehu, tí ó gbé ayé láti 1793 sí 1864, dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan sílẹ̀ tí a ń pè ní 'Yan Taru. Taru ni kí ènìyàn kó ara wọn jọ. Àwọn aṣáájú wọn, tí orúkọ oyè wọn ń jẹ́ jaji, ń kó àwọn obìnrin lẹ́yìn láti ìletò wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń mú ọrẹ dání tí a ń fi ran àwọn aláìní lọ́wọ́. Nítorí náà, bí a bá ṣe ìpàdé àdúgbò lónìí tí kò sí ohùn obìnrin níbẹ̀, kò tọ́ kí a sọ pé àṣà Sókótó ni ó fà á. Obìnrin ni ó ń pọn omi tàbí tí ó ń rán ọmọ lọ pọn ọ́n. Òun ni ó mọ wákàtí tí ìlà ń gùn jù lẹ́nu ẹ̀rọ.

5. Owó Ẹ̀sìn: Sàká, Sàráà àti Waqf

Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, kò pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi dìde ní ìpàdé kí ó bèèrè pé, "Ṣé a kò lè fi sàká ṣe é ni?" Ìbéèrè náà dára, ìdáhùn rẹ̀ sì nílò ìmọ̀. Ìdá kan nínú ogójì ni sàká owó, dandan sì ni fún Mùsùlùmí tí ohun ìní rẹ̀ tó ìwọ̀n tí ẹ̀sìn là kalẹ̀, tí ọdún kan sì kọjá lórí rẹ̀. Al-Kùránì, nínú Súrà kẹsàn-án, ẹsẹ̀ 60, ti ka ọ̀nà mẹ́jọ tí a lè ná an sí, lára wọn ni tálákà, aláìní, onígbèsè àti arìnrìn-àjò. Èrò ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ni pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí, kì í ṣe afárá tàbí ojú ọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ òde òní kan gbà pé ọ̀rọ̀ "ní ojú ọ̀nà Ọlọ́hun" fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gba ti ọ̀pọ̀ jùlọ, a kò lè fi sàká gbẹ́ kànga àdúgbò, ṣùgbọ́n a lè fún tálákà ní sàká, kí ó sì fúnra rẹ̀ san ìdáwó tirẹ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ náà dà bí ohun kékeré. Ohun ńlá ni, nítorí pé ẹni tí ó san ìdáwó rẹ̀ lè sọ̀rọ̀.

Sàráà kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Ọrẹ àtinúwá ni. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí jànmáà ti wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní í jẹ́ jànmáà, ni Yorùbá wí. Jama'a náà ni Haúsá ń pe àwùjọ. Yorùbá tí ó bá dé Sókótó ti mú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìpàdé dání láti ilé.

Waqf ni ó jinlẹ̀ jù. Ohun ìní tí a bá sọ di waqf, a kò lè tà á, a kò lè fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, a kò sì lè jogún rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ nìkan ni yóò máa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí a yà á sọ́tọ̀ fún. Àpẹẹrẹ tí àwọn àlùfáà máa ń tọ́ka sí ni kànga Rúmà ní Mẹ̀dínà, tí Uthman ọmọ Affan rà tí ó sì fi sílẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí láti máa pọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yẹ kí a fi kànga tí olówó gbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ wé èyí. Bí ó bá jẹ́ sàráà ẹnu lásán, àwọn ọmọ rẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ baba wọn ni. Bí ó bá ti kéde rẹ̀ ní waqf níwájú ẹlẹ́rìí, ọwọ́ wọn kò ká a mọ́. Ìpínlẹ̀ Sókótó, tí ó tẹ́wọ́ gba òfin Ṣàríà ní ọdún 2000, ní àjọ ìjọba tí ń bójú tó sàká àti waqf, nítorí náà ọ̀nà wà láti ṣe irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ní àdúgbò nílò láti bèèrè ohun kan kí wọ́n tó tẹ́wọ́ gbà á: ta ni a kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ gbogbo olùgbé àdúgbò, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

6. Àlejò tí Ó Ní Ìlú Méjì

Ìṣòro Yorùbá tí ó wà lájò yàtọ̀ díẹ̀. Ìdáwójọ kì í ṣe ohun àjèjì sí i. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ni ó dá Ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà Iléṣà sílẹ̀ ní ọdún 1934. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọ̀fà ni ó dá ti Ọ̀fà sílẹ̀ ní ọdún 1943. Títún ìlú ṣe ni ó wà nínú orúkọ àtúnlùúṣe, owó àwọn ọmọ ìlú tí ó wà nílé àti lẹ́yìn odi ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì fi ń ṣe é. Irú parapọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ṣakí dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Àríwá Nàìjíríà àti Gánà.

Ṣùgbọ́n ìlú wo ni ìlú nínú àtúnlùúṣe? Ilé ni. Ẹni tí ó ti lo ogún ọdún ní Sókótó lè máa dáwó gbọ̀ngàn ìlú rẹ̀ lọ́dọọdún láìtíì dá kọ́bọ̀ fún gọ́tà tí ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní ìdí tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì fi ilé, ọjà àti ohun ìní sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí ìyẹn yóò rò pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Kò sí ẹni tí ó lè bá a wí nítorí rẹ̀. Àmọ́ ohun tí ìbẹ̀rù yìí ń bí ni pé mai unguwa kò mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìdáwó, nígbà tí wọ́n bá sì ń pín àkókò tí a ó máa ṣí ẹ̀rọ omi, kò sí ẹni tí yóò bèèrè bí ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Àìdáwó sọ ọ́ di àlejò, jíjẹ́ àlejò kò sì jẹ́ kí ó dáwó.

7. Bí A Ṣe Lè Pinnu

Kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní ilé 40 ni ó wà ní àdúgbò kan, tí kànga ẹ̀rọ yóò sì gbà ₦2,000,000. Bí a bá pín in dọ́gba, ₦50,000 ni yóò kan ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ilé 10 kò bá lè san ju ₦20,000 lọ, ₦300,000 ni yóò kù. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà: kí a lé àwọn ilé 10 náà sẹ́yìn, kí a wá olówó kan tí yóò di àlàfo náà, tàbí kí ilé 30 yòókù fi ₦10,000 kún tiwọn, kí ó di ₦60,000. Èkíní sọ kànga di ti ẹgbẹ́. Èkejì lè sọ ọ́ di ti olówó, àfi tí a bá kọ ohun tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta sọ ọ́ di ti àdúgbò, ṣùgbọ́n ó gba pé kí ilé 30 gbà láìfi ìbínú ṣe é, kí gayya ilé 10 sì wọ inú ìṣirò gẹ́gẹ́ bí owó.

Irú ìṣirò yìí kì í ṣe àlá. Nínú iṣẹ́ ìdàgbàsókè àwùjọ tí Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà lówó fún láti ọdún 2009, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni a retí láti ọwọ́ àwùjọ tí ó bá bèèrè iṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun èlò sì lè dúró fún owó. Ní ìlú Porto Alegre ní ilẹ̀ Bùràsílì, láti ọdún 1989, àwọn olùgbé bẹ̀rẹ̀ sí pé jọ lágbègbè-lágbègbè láti sọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí owó ìjọba ìlú kọ́kọ́ ṣe, ọ̀pọ̀ ìlú láyé sì ti wo àwòkọ́ṣe wọn. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀: owó orí tí wọ́n ti san tẹ́lẹ̀ ni àwọn ará Porto Alegre ń pín, kì í ṣe owó tuntun láti inú àpò. Nítorí náà, ẹni tí kò ní nǹkan lè gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lú ẹni tí ó ní. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún Sókótó ni pé kí ìpàdé àdúgbò má fi mọ sórí owó ara wọn nìkan. Kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ ìdáwó wọn lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sì bèèrè ohun tí ó wà nínú ètò ìnáwó ọdún náà fún wọ́ọ̀dù wọn.

Ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí ìpàdé dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó na owó síta. Kín ni orúkọ owó yìí: ìdáwójọ, sàráà, waqf, tàbí owó ìjọba? Ta ni yóò lò ó, títí kan ẹni tí kò lè san? Ta ni yóò máa tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, owó wo ni yóò sì fi ṣe é? Èdè wo ni a ó fi kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè kà á tàbí kí a kà á sí wọn létí?

8. Ìkádìí

Àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn pé ohun tí ó jọra láàárín gayya àti ọ̀wẹ̀, adashi àti èsúsú, karo-karo àti ìdáwójọ, pọ̀ ju ohun tí ó yàtọ̀ lọ. Níbi tí ìyàtọ̀ ti wà, bí i ti mai unguwa àti aládùúgbò, ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti lè bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni olùkọ́ èdè ti wúlò. Iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ èdè méjèèjì: kí wọ́n ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ìpàdé àti ọ̀rọ̀ owó àdúgbò, kí ìwé àdéhùn kànga lè wà ní Haúsá àti ní Yorùbá, kí opó, àlejò àti ẹni tí kò kàwé lè mọ ohun tí a ní kí wọ́n bọwọ́ lù.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ tí a bá sì gbà láàyè láti bá wa sọ̀yà, a kò gbọ́dọ̀ lé e sẹ́yìn nígbà tí omi bá dé.